Iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ọmọ ilé-ìwé ní ìgbèríko Ìbàdàn

Iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ọmọ ilé-ìwé jẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ará ìlú tí ó ń wá ojútùú sí ohunkóhun tí ó bá ń dí ọmọ lọ́wọ́ láti kàwé, yálà ohun náà wà nílé, ní ilé-ìwé tàbí ní àwùjọ. Iṣẹ́ yìí ní ìrísí tirẹ̀ ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lára ìjọba ìbílẹ̀ 11 tí ó para pọ̀ di ilẹ̀ Ìbàdàn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mọ́níyà, Ìyànà-Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá àti Akànràn ni ibùjókòó wọn.

Ìtàn

Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1906 sí 1907 ní New York, Boston àti Hartford, níbi tí àwọn olùkọ́ kan ti ń lọ bẹ àwọn òbí wò nílé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ètò náà mú owó ilé-ìwé kúrò lọ́rùn òbí, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn, iṣẹ́ oko àti ìnáwó aṣọ àti ìwé ṣì wà níbẹ̀.

Òfin

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ kàwé fún ọdún 9. Òbí tí ó bá kọ̀ yóò kọ́kọ́ gba ìbáwí. Bí ó bá tún ṣẹ̀, owó ìtanràn 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní ọdún 2003, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006. Òfin ti ọdún 2003 kò ka iṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ ilé tí kò wúwo, tí ọmọ ń ṣe fún ẹbí rẹ̀, sí ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé ọmọ mú àdá lọ sóko ni ọ̀rọ̀ wà, bí kò ṣe bí oko náà bá gba àkókò ilé-ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tí ń ṣe é

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba ní ìgbèríko, kò sí ẹnì kan tí iṣẹ́ yìí nìkan jẹ́ tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí àwọn ará ìlú ń pè ní «wẹ́fíà», ọ̀gá ilé-ìwé, olùgbaninímọ̀ràn, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, àti ìgbìmọ̀ àwọn ará àdúgbò tí a mọ̀ sí SBMC ni wọ́n ń pín in ṣe. Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ni ní ìmọ̀ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Inú rẹ́jísítà ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó ń pa ilé-ìwé jẹ lójoojọ́ kan náà kò ṣòro láti rí, ṣùgbọ́n ọjà ọrọọrún kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí Mọ́ńdè, Fúráìdè ni yóò tún bọ́ sí, lẹ́yìn náà Túsìdè. Láàrin ọjọ́ 28, ọjà náà yóò ná lẹ́ẹ̀méje, márùn-ún nínú rẹ̀ yóò sì jẹ́ ọjọ́ ilé-ìwé. Ẹni tí kò bá fi ọjọ́ ọjà wé rẹ́jísítà lè pe ọmọ tí ó ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù ní ọ̀lẹ.

Lẹ́yìn èyí ni ìbẹ̀wò. Òṣìṣẹ́ a kọ́kọ́ rí baálẹ̀, a sì kí àgbẹ̀ ní «Àroko bọ́dún dé o» kí ó tó dá ọ̀rọ̀ ọmọ sílẹ̀. Ó ní láti mọ ẹni tí ń bọ́ ọmọ náà gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ó tún ń wádìí ohun tí ojú lè má tètè rí: ebi, ojú tí kò ríran dé pátákó, ìyà, oyún, tàbí ìtìjú ọmọbìnrin tí ó ń ṣe nǹkan oṣù ní ilé-ìwé tí kò ní ṣáláńgá tó dára.

Ìṣòro

Ní abúlé, àṣírí kì í pẹ́ tú. Ọ̀kadà tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé kan ti tó ìròyìn. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí òṣìṣẹ́ ya ilé mẹ́ta mẹ́rin lọ́jọ́ kan, kí ojú má baà dá ilé kan ṣoṣo mọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì lè jẹ́ ìbátan òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi ọwọ́ líle mú ọmọ tàbí wọ́n ń bá a ṣèṣekúṣe, ẹbí lè bẹ̀bẹ̀ pé kí a parí rẹ̀ nílé, àmọ́ ààbò ọmọ ni ó gbọ́dọ̀ ṣíwájú.

Ìjìyà òfin pàápàá ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Òbí tí ó bá lọ sẹ́wọ̀n ní àkókò ìkórè fi oko sílẹ̀ fún ọmọ tí à ń fẹ́ dá padà sí ilé-ìwé. Nítorí èyí, àdéhùn ni a sábà máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú: kí ọmọ ṣe iṣẹ́ oko lẹ́yìn ilé-ìwé, kí olùkọ́ sì ràn án lọ́wọ́ lórí ẹ̀kọ́ tí ó ti kọjá rẹ̀. Bí ọmọ bá padà, òṣìṣẹ́ yóò ṣì máa wo rẹ́jísítà fún sáà ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀lé e, nítorí ìkórè mìíràn ń bọ̀.