Kí Ló Dé Tí Wọ́n Ń Fún Ẹni Tó Ń Gún Oògùn Olóró Ní Abẹ́rẹ́ Tuntun?

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ oògùn olóró ní Ìdànrè, igbó ló máa kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn, nítorí léraléra ni àjọ NDLEA tó ń gbógun ti oògùn olóró ń dáná sun oko igbó nínú àwọn ẹgàn ìpínlẹ̀ Oǹdó. Èyí tí a kì í sọ síta ni ti abẹ́rẹ́. Àwọn kan wà ní orílẹ̀-èdè yìí tó ń gún hẹróìnì, tí ìgboro ń pè ní gbaná, tàbí àwọn oògùn apàrora líle, sínú iṣan ara wọn. Ìtìjú ń mú kí ẹbí bò ó mọ́lẹ̀, níbi tí a bò ó sí yẹn gan-an ni àrùn ti ń ràn.

Ìwádìí ńlá tí ẹ̀ka àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí oògùn olóró àti àjọ oníṣirò ilẹ̀ wa ṣe ní 2018 fi hàn pé ènìyàn mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró láàrin ọdún kan ní Nàìjíríà. Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, ilẹ̀ Yorùbá wa níbí, ló ṣíwájú. Àwọn tó ń gún un sára tó nǹkan bí 80,000. Púpọ̀ nínú wọn, tramadol, morphine àti irú wọn ni wọ́n ń gún, oògùn tí dókítà ń kọ fún aláìsàn.

Oògùn tí a gbé mì yóò kọ́kọ́ gba inú àti ẹ̀dọ̀ kọjá kó tó dé ọpọlọ. Èyí tí a gún kì í yà síbì kankan. Gbogbo ohun tí oníṣòwò fi lú u, ìdọ̀tí inú omi, kòkòrò tó wà lára awọ, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń bá a wọ. Ó lè di oówo ńlá níbi tí wọ́n gún, ó sì lè ba ọkàn fúnra rẹ̀ jẹ́. Bí a bá sì fa abẹ́rẹ́ yọ, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń ṣẹ́kù sínú síríńjì. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Yale dán an wò, wọ́n rí i pé kòkòrò HIV lè wà láàyè nínú síríńjì àlòkù fún ohun tó lé ní oṣù kan, ti àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C sì lè tó ọjọ́ 63. Bí ẹlòmíràn bá sì lo síríńjì náà, omi tí wọ́n fi ṣàn án kò tó láti dáàbò bò ó.

Ìdí nìyẹn tí HIV fi pọ̀ láàrin wọn. Nínú àyẹ̀wò ìjọba ti 2014, ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gún oògùn ló ní in. Nígbà tó fi máa di 2020, ó ti di ìdá 10.9. Ìyàwó ilé tí kò fọwọ́ kan oògùn rí lè kó o lára ọkọ rẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ náà lè kó o.

Ikú òjijì tún wà níbẹ̀. Àwọn oògùn yìí máa ń dín mímí kù, bí wọ́n bá sì pọ̀ jù, èèmí yóò dáwọ́ dúró pátápátá. Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo òbí gbọ́. Ewu náà ga jù lọ́jọ́ tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ẹ̀wọ̀n, tàbí láti ilé àdúrà tí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ sí fún oṣù mélòó kan. Ara rẹ̀ kò le fún oògùn náà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ iye tó ń gún tẹ́lẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó gún un, ó kú. Ọ̀pọ̀ ẹbí gbà pé ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ti wò ó sàn.

Bí ẹ bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ tí kò jí, tí ó ń mí díẹ̀díẹ̀, ẹ má da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ó lè pa á. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, ẹ sì sọ òótọ́ fún dókítà. Oògùn kan tó ń jẹ́ naloxone lè dá èèmí rẹ̀ padà láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan.

Láti dènà àrùn, àwọn kan ní ká máa fún àwọn tó ń gún oògùn ní abẹ́rẹ́ tuntun, kí wọ́n má bàa jọ máa lo ẹyọ kan. Ṣé kì í ṣe pé a ń ti ìwà burúkú lẹ́yìn? Ìbéèrè àgbà ni, ó sì yẹ ká dáhùn rẹ̀. Ní Edinburgh, ní Scotland, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn ọlọ́pàá ń gba síríńjì lọ́wọ́ àwọn tó ń gún hẹróìnì, ó sì ṣòro fún wọn láti rí tuntun rà. Ọ̀pọ̀ wọn kò tìtorí ìyẹn jáwọ́, ńṣe ni wọ́n jọ ń lo ẹyọ kan. Ìwádìí tó jáde ní 1986 láti ọ̀dọ̀ àwọn dókítà kan níbẹ̀ fi hàn pé nǹkan bí ìdajì àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ló ti kó HIV. Àgbẹ̀ kòkó Ìdànrè kì í gé igi nítorí pé èso rẹ̀ dúdú. Èso tó bàjẹ́ ló ń ká kúrò, kí igi lè tún so. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ ká dènà àrùn, ká sì dá ènìyàn sí.

Ní Dakar, ní Senegal, ilé ìwòsàn Fann ṣí ibùdó kan ní oṣù Kejìlá 2014 tó ń fún àwọn tó ń gún oògùn olóró ní oògùn kan tó ń jẹ́ methadone mu lójú òṣìṣẹ́, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣe alága rẹ̀ sọ fún àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pé ọ̀rọ̀ ìlera ni ti ẹni tó ń lo oògùn, kì í ṣe ti ẹ̀wọ̀n. Lọ́dọ̀ wa, Ọ̀yọ́ wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán pípín abẹ́rẹ́ tuntun wò. Ó yẹ kí Oǹdó náà ní in.

Kó tó dìgbà náà, ẹ má so ọmọ mọ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ wà ní Àkúrẹ́, Aró sì wà ní Abẹ́òkúta. NDLEA ní nọ́ńbà tí a kì í san owó pè, 080010203040, tọ̀sán-tòru. Ẹ pè é.