Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ki lẹ́ǹsì bọjú ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ẹ wá gbọ́ o!

Ẹni tó bá mọ Ṣàngó-Ọ̀tà dáadáa mọ̀ pé eruku ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí tírélà kan bá ti kọjá lójú títì Èkó sí Abẹ́òkúta, tipátipá lèèyàn fi ń lajú. Ká má tíì sọ ti èéfín iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ náà ń lo contact lens, ìyẹn lẹ́ǹsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Àwọn kan fi ń ríran, àwọn oge sì ń fi aláwọ̀ búlúù ṣe fáàrí lọ sóde àríyá. Tó bá fi máa dìrọ̀lẹ́, ojú á ti máa ta wọ́n.

Ara lẹ́ǹsì ọ̀hún gan-an ni wàhálà ti ń wá. Otto Wichterle, onímọ̀ kan ní Czechoslovakia, ló fi irin ìṣeré ọmọdé to ẹ̀rọ tó fi ṣe èyí tó rọ̀ ní 1961. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Tiẹ̀ máa ń mu omi, àmọ́ atẹ́gùn tó ń jẹ́ kó dé ojú kò tó. Nígbà tó di nǹkan bí 1999, wọ́n mú silicone wọ̀ ọ́. Atẹ́gùn ráyè wọlé, ṣùgbọ́n silicone ò bá omi ṣọ̀rẹ́. Bí omi ṣe ń yí dànù lórí ewé kókò, bẹ́ẹ̀ lomi ojú ń ṣe lára ẹ̀. Ibi tó bá gbẹ, ìpéǹpéjú á máa ha á.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi nǹkan tó fẹ́ràn omi bò ó lára. Ọ̀kan ni Hydra-PEG: nínú 100 ẹ̀, 90 ló jẹ́ omi, ó sì lẹ̀ típẹ́ mọ́ lẹ́ǹsì. Ti Dailies Total1 yàtọ̀ díẹ̀: omi inú ẹ̀ jẹ́ 33 nínú 100, tara ẹ̀ lóde sì lé ní 80. Ojú á tutù pẹ̀sẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá wà nìyí o. Lẹ́ǹsì tí kò ta èèyàn lójú lèèyàn ń gbàgbé sójú sùn! Ìbora yẹn ò lè lé kòkòrò àìfojúrí. Acanthamoeba, tó máa ń wà nínú omi kànga àti omi ẹ̀rọ, lè fọ́ ojú pátápátá, bẹ́ẹ̀ omi yẹn náà làwọn kan fi ń fọ lẹ́ǹsì. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń fi itọ́ ẹnu fọ̀ ọ́. Omi inú ìgò tí dókítà ojú bá ní kéèyàn lò nìkan ló yẹ. Ẹni tó ń jó irin níléeṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ torí lẹ́ǹsì bọ́ gọ́gù tó fi ń dáàbò bo ojú.

Bí ojú bá pọ́n, tó ń dùn, kéèyàn yọ lẹ́ǹsì kíá, kó gba ọ̀dọ̀ dókítà ojú lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kó mú lẹ́ǹsì ọ̀hún àti ike ẹ̀ dání, nítorí wọ́n lè fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò wà níbẹ̀.