Ojú Kámẹ́rà Tó Fẹ̀: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fótò jẹun ni ọ̀rọ̀ òní wà fún.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n pè yín láti ya ìdílé kan. Bàbá àgbà jókòó, ọmọ àti ọmọ-ọmọ yí i ká. Àgbàlá náà kò fẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn rìn títí ẹ fi kan ògiri. Síbẹ̀, ẹni mẹ́rin kò tíì wọ inú fótò. Kí ni ṣíṣe?

Ojú kámẹ́rà tó fẹ̀ ni yóò gbà yín. Ojú kámẹ́rà ni dígí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Mílímítà ni a fi ń pè é. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ojú náà ṣe ń fẹ̀ tó. Nínú kámẹ́rà tó ń lo fíìmù mílímítà 35, bí ẹ bá dúró ní mítà 4 sí ìdílé náà, ojú 50 yóò rí nǹkan bíi mítà 3 ní ìbú. Ojú 20 yóò rí mítà 7. Gbogbo ẹbí wọlé nìyẹn!

Irú ojú tí à ń sọ yìí kì í sún síwá, kì í sún sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ yín ni yóò sún. Pierre Verger, ọmọ Faransé tó di babaláwo ní Kétou ní ọdún 1953, tó sì ń jẹ́ Fátúmbí, fi kámẹ́rà Rolleiflex ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ fótò nílẹ̀ wa. Ojú Rolleiflex kò fẹ̀ tó 20, ṣùgbọ́n òun náà kì í sún. Verger ló ń rìn lọ bá ohun tó fẹ́ yà.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á:

1. Ẹ wo kámẹ́rà yín ná. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òde òní tí kò lo fíìmù, ibi tí àwòrán ń bọ́ sí kéré. Nínú irú wọn, ojú 20 yóò rí bíi 30. Ojú 14 ni ẹ óò wá.

2. Bí ó bá jẹ́ àlòkù, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn, ọ̀rinrin ti bà á jẹ́. Ẹ má rà á.

Bí ẹ bá ń lò ó:

1. Ẹ má fi àgbà sí etí fótò. Ojú tó fẹ̀ máa ń na ohun tó wà létí: orí á fẹ̀, èjìká á wú. Àárín ni kí bàbá wà. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lápá méjèèjì.

2. Ẹ má sún mọ́ bàbá jù. Ohun tó sún mọ́ ojú yìí máa ń tóbi ju ti ẹ̀yìn lọ. Orúnkún bàbá lè wá tóbi ju orí rẹ̀ lọ!

3. Ẹ di kámẹ́rà mú gbọọrọ, ní ìwọ̀n àyà ẹni tó jókòó. Bí ẹ bá dà á sókè, ògiri á dà bí èyí tó fẹ́ wó.

4. Ní ìta, ẹ fi ihò ìmọ́lẹ̀ sí 8, kí ẹ fi ojú 20 sí mítà 2. Láti nǹkan bíi mítà 1 títí dé ọ̀nà jíjìn ni yóò mọ́ kedere.

Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́? Ní ọdún 2008, UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé àṣà tí gbogbo ayé ń tọ́jú. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Lẹ́yìn náà, ẹ sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá dúró jìnnà, igi orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á kéré bí èèrà. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn tó mítà 2, igi náà á hàn, onílù àti èrò á sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ bàbá nìkan ni ẹ fẹ́ yà, ẹ yọ ojú tó fẹ̀, kí ẹ fi 50 sí i. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Fótò tí ẹ yà lónìí lè jẹ́ èyí tí wọn óò gbé síwájú èrò lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, tí yóò sì wà lára ògiri títí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi ojú tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè: Ta ni ẹ óò fi sí àárín? Kí nìdí?