Ráútà Méjì Nínú Ilé Kan: Èwo Ni Yóò Jẹ́ Olórí?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí kan gbogbo ìdílé tí ó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé. Àwọn ọmọ ń fi í kàwé fún ìdánwò JAMB, bàbá ń fi í ṣiṣẹ́, ìyá àgbà sì ń fi í rí ojú ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní òkè òkun. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, pálọ̀ nìkan ni ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ìyá bá gbé fóònù dé yàrá ẹ̀yìn, ohùn a máa já, àwòrán a sì dúró sójú kan. Wọn a wá ra ráútà kejì, wọn a so ó mọ́ ti àkọ́kọ́, wàhálà a sì di méjì. Kí ni ó fà á?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí àìsàn wà

Ìgbì rédíò ni Wi-Fi. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn, èyí tí àwọn baba wa mọ, a máa gba agbára rẹ̀. Kọnkéré tí ó ní irin nínú a máa dí i lọ́nà. Páànù a sì máa dá a padà. Ìgbì 2.4 GHz a máa la ògiri kọjá ju ìgbì 5 GHz lọ, ṣùgbọ́n 5 GHz yára jù ú lọ bí ènìyàn bá wà nítòsí. Nítorí náà, kí ẹ tó náwó, ẹ gbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ gbé e sí ibi gíga ní àárín ilé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dúró ti ráútà náà gan-an, kí ẹ dán an wò. Bí ó bá ń falẹ̀ níbẹ̀ pàápàá, ẹ̀bi ògiri kọ́; láti ìta ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ó sì kan Nàìjíríà. Lọ́jọ́ náà, ẹni tí ó ní ráútà mẹ́wàá kò sàn ju ẹni tí ó ní ẹyọ kan lọ.

Àgbò méjì, koto kan

Ráútà dà bí baálé agbo ilé. Òun ni ó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, òun náà ni ó sì ń fún fóònù àti kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Iṣẹ́ pípín nọ́ńbà yìí ni à ń pè ní DHCP. Láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ráútà kejì ni wọ́n ti kọ́ ọ pé kí òun náà máa pín nọ́ńbà. Bí méjèèjì bá wá ń pín in lórí wáyà kan náà, wọ́n lè fún ẹ̀rọ méjì ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Tàbí kí ilé pín sí agbo méjì, tí fóònù tí ó wà ní pálọ̀ kò ní rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Àwọn àgbà ní àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Ọ̀kan níláti jẹ́ olórí.

Bí a ṣe ń tò ó

1. Ẹ fa wáyà Cat5e tàbí Cat6 láti ara ráútà àkọ́kọ́ dé yàrá ẹ̀yìn. Kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ.

2. Kí ẹ tó so ó, ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣí ojú ìwé ráútà kejì. Bí ẹ bá rí "Access Point" níbẹ̀, ẹ mú un, ó parí. Bí kò bá sí, ẹ pa DHCP rẹ̀, kí ẹ sì yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Bí olórí bá ń jẹ́ 192.168.1.1, kí èkejì máa jẹ́ 192.168.1.2, bí olórí kò bá ti ń pín nọ́ńbà yẹn fún ẹlòmíràn. Ihò LAN ni kí ẹ ki wáyà bọ̀, kì í ṣe ihò WAN.

3. Ẹ fún méjèèjì ní orúkọ kan náà àti pásíwọ́ọ̀dù kan náà, kí fóònù lè máa bọ́ láti ọ̀kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n ìkànnì 2.4 GHz wọn kò gbọdọ̀ dọ́gba: ẹ yàn nínú 1, 6 àti 11. Ẹ̀yin onílé tí ẹ ń gba akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH sílé ní Under G, ẹ fiyè sí èyí, nítorí ráútà tí ó pọ̀ lórí ìkànnì kan a máa dí ara wọn lọ́wọ́.

4. Ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù tí ó bá ráútà wá padà, kí ẹ sì yan WPA2 tàbí WPA3.

Bí kò bá sí ọ̀nà àti fa wáyà

Ẹ lè lo ẹ̀rọ atúngbà, ṣùgbọ́n ó lè dín eré íntánẹ́ẹ̀tì kù dé ìdajì. Ẹ má ṣe gbé e sí yàrá tí Wi-Fi kò dé. Agbedeméjì ni ipò rẹ̀, níbi tí ó ti ń gbọ́ olórí dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ráútà onísíìmù, ẹ rántí pé síìmù méjì kì í ṣe ilé kan; ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ ó máa ra dátà. Bí iná bá sì lọ, kí ráútà méjèèjì wà lórí ínfátà, nítorí bí olórí bá kú, ìránṣẹ́ kò ní nǹkan tí yóò pín.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá parí, ẹ kọ nọ́ńbà àti pásíwọ́ọ̀dù méjèèjì sínú ìwé kan, kí ẹ fi pamọ́ sí ibi tí ẹ mọ̀. Ọmọ tí ó tò ó lónìí lè ti wà ní ilé ìwé lọ́jọ́ tí yóò bàjẹ́.