Bí A Ṣe Ń Kí Ènìyàn Ní Èdè Sípáníìṣì

Apẹja Ìlàjẹ kì í ka omi ìpínlẹ̀ Oǹdó sí òpin òkun. Láti Abereke àti àwọn abúlé etíkun tó yí i ká, àwọn ènìyàn wa ti ń tẹ̀lé ẹja lọ tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì ti dó sí Bakassi àti etíkun Kamẹrúùnù. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ti súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípáníìṣì. Erékùṣù Bioko, níbi tí ìlú Malabo wà, kò jìnnà sí etíkun Kamẹrúùnù ju nǹkan bíi kìlómítà 32 lọ. Apá kan orílẹ̀-èdè Equatorial Guinea ni. Potogí fi erékùṣù náà lé Sípéènì lọ́wọ́ ní 1778, ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 1968 sì ni orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira. Títí dòní, Sípáníìṣì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nílé ìwé níbẹ̀, òun náà ni wọ́n ń sọ ní ọ́fíìsì ìjọba. Nígbà tí Bioko ṣì ń jẹ́ Fernando Po, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló lọ ṣe lébìrà nínú oko kòkó ibẹ̀, lábẹ́ àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 1942.

Ọmọ Yorùbá tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíra ní èdè yìí kò bẹ̀rẹ̀ lófo. Bíi tiwa, àsìkò ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó kí ènìyàn, ọjọ́ orí ẹni tí wọ́n ń kí sì ń yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu wọn.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi àsìkò bẹ̀rẹ̀. "Buenos días" ni ẹ kú àárọ̀. Tí ọ̀sán bá ti pọ́n, ó di "Buenas tardes", títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nítorí náà òun kan náà ló dúró fún ẹ kú ọ̀sán àti ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, "Buenas noches" ló kù. Ibí yìí ni kí ẹ ti ṣọ́ra díẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó wọlé lálẹ́ ń sọ pé ẹ kú alẹ́, ẹni tó ń lọ sùn ń sọ pé ó dàárọ̀. "Buenas noches" ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Tí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ń bọ̀ ni tàbí ó ń lọ.

"Hola" kò ní àsìkò, ẹ lè lò ó nígbàkigbà fún ẹgbẹ́ yín tàbí ọmọdé. A kì í pe H tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá: "ólà" ni. Fún àgbàlagbà tí ẹ kò mọ̀ rí, èmi á yan "Buenos días" ju "Hola" lọ, kí n sì fi "señor" tì í tó bá jẹ́ ọkùnrin, "señora" tó bá jẹ́ obìnrin. Ñ tó ní àmì lórí yẹn ń dún bíi "ny".

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ló wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ibẹ̀ ni a ti bá wọn dọ́gba. "Tú" ni wọ́n ń pe ẹni tí a lè pè ní ìwọ. "Usted" ni wọ́n ń pe àgbà, ọ̀gá, tàbí àlejò, bí a ṣe ń lo ẹ̀yin fún ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ ìṣe náà á sì yí padà: "¿Cómo estás?" ni ṣé dáadáa ni o wà, "¿Cómo está usted?" ni ṣé dáadáa ni ẹ wà. S kan ló yọ kúrò, ṣùgbọ́n etí àgbà á gbọ́ ọ. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi "tú" pera wọn fàlàlà, àmọ́ kí àlejò fi "usted" bẹ̀rẹ̀, kó dúró títí wọn á fi sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Àmì ìbéèrè tó dojú dé níwájú gbólóhùn yẹn, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú.

Ká ní ọmọ Abereke kan gbé ẹja gbígbẹ dé ọjà Malabo láàárọ̀, ó wá bá ìyá àgbà kan nídìí igbá:

— Buenos días, señora.
— Buenos días. ¿Cómo estás?
— Bien, gracias. ¿Y usted?
— Muy bien, gracias a Dios.

Ìyá lo "estás", ọmọ lo "usted", kálukú sì wà láyè rẹ̀. "Bien, gracias" ni dáadáa ni, ẹ ṣeun. "Gracias a Dios" ni a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì ń sọ ọ́ bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́. Tí wọn kò bá tíì mọra, ọmọ náà á sọ orúkọ rẹ̀: "Me llamo Túndé." LL ń dún bíi Y, "yámò". Ìyá lè dá a lóhùn pé "Mucho gusto", ìyẹn ni pé inú òun dùn láti mọ̀ ọ́n.

Ìdágbére kò le. "Adiós" ni ó dàbọ̀, ṣùgbọ́n "Hasta luego", ó dìgbà kan ná, ni ẹ máa gbọ́ jù. "Hasta mañana" ni ó dọ̀la. "Nos vemos" ni a ó ríra, V rẹ̀ sì ń dún bíi B. Fún ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, "Buen viaje" ló yẹ ẹ́. J inú rẹ̀ dà bíi H tó ti ọ̀nà ọ̀fun wá, "biáhè". Wọn kò ní kíkí fún olúkúlùkù iṣẹ́ bíi tiwa, nítorí náà ẹ má wá ẹ kú iṣẹ́ tàbí ẹ kú ìjókòó lọ́dọ̀ wọn. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá nídìí oúnjẹ, wọ́n ń kí i pé "Buen provecho".

Ní ti ara, ẹ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Wọn kò retí ìdọ̀bálẹ̀ tàbí ìkúnlẹ̀. Ní Sípéènì, obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn yín lè fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan yín lápá ọ̀tún àti òsì. Kí ẹ má fò sẹ́yìn.

Ní Malabo, ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ń sọ Pichi, tí àwọn tó wá láti Freetown mú dé ibẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ó sì jọ pijin tiwa gan-an. Ó lè gbà yín lọ́jà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé iwájú ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ jẹ́ kí "Buenos días, señor" kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín kí ẹ tó na ìwé yín sí i.