Ohun táwọn kan ń dà nù, owó ni l'Àjàṣẹ́

Ọ̀dọ́ tó bá gba ẹnubodè Ìdí-Ìrókò kọjá láti lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ l'Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin, lè ti máa fọkàn yàwòrán katakata ńláńlá àti àpò fàtílásà tí wọ́n tò jọ gègèrè. Ṣùgbọ́n bó bá wọ ọgbà Songhai tó wà ní àdúgbò Ouando, ọ̀kan lára ohun tó máa bá níbẹ̀ ni ìdin. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń sìn ín ni. Wọ́n á kó ìfun ẹran àti àjẹkù oúnjẹ sínú àwo ńlá káwọn eṣinṣin lè yé sí i. Tó bá ti tó bí ọjọ́ 3 sí 5, ìdin á ti sanra, wọ́n á sì kó o fún ẹja àtàwọn ohun ọ̀sìn abìyẹ́ jẹ. Wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má baà di eṣinṣin.

Ohun tí wọ́n ń fọwọ́ bo imú sá fún níbòmíràn, oúnjẹ ẹja ni l'Àjàṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ti lọ kọ́ ọgbọ́n yìí níbẹ̀. Àwọn kan ń lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn mìíràn ń lò ju ọdún kan lọ.

Ọmọ Nàìjíríà náà ló dá ọgbà ọ̀hún sílẹ̀. Àlùfáà ìjọ Kátólíìkì ni, orúkọ rẹ̀ ni Fada Godfrey Nzamujo. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe ní yunifásítì ní California, l'Amẹ́ríkà, nígbà tí àwòrán ìyàn tó mú nílẹ̀ Áfíríkà láàárín ọdún 1983 sí 1985 ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ti kàwé jinlẹ̀ nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ àti nípa àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Kàkà kó jókòó máa ṣàánú láti òkèèrè, ó kó ẹrù rẹ̀ wálé. Lọ́dún 1985, ìjọba Benin fún un ní hẹ́kítà ilẹ̀ 1 péré, ó sì sọ ibẹ̀ lórúkọ ìjọba Songhai tó lágbára ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láyé àtijọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1993, ó ti gba ẹ̀bùn Africa Prize látọ̀dọ̀ àjọ The Hunger Project. Yàtọ̀ sí Àjàṣẹ́, Songhai tún dá oko sílẹ̀ ní Parakou, Savalou àti Kinwedji.

Ojú kì í kúrò lára ojú

Iṣẹ́ àgbẹ̀ alálòpẹ́ ni wọ́n ń pe irú ètò yìí: kí ilẹ̀ máa so lọ́dọọdún, kí agbára rẹ̀ má sì tán. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ṣòroó lóye. Ìdọ̀tí ẹja wà nínú omi tí wọ́n bá fà kúrò nínú odò ẹja, ìyẹn sì jẹ́ oúnjẹ fún ewéko, nítorí náà orí ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń darí omi náà sí. Ewé àti igi ẹ̀fọ́ tí wọn kò lè tà, ehoro àti ọ̀yà ló ń jẹ ẹ́. Ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ àti ti àwọn ẹran mìíràn ń wọ inú kòtò tí wọ́n bò pinpin, ibẹ̀ ló ti ń jẹrà, tó sì ń mú gáàsì jáde tí wọ́n fi ń dáná. Ìyókù tó bá ṣẹ́kù nínú kòtò náà ń di ajílẹ̀ fún oko.

Wọn kò sì fi mọ sórí oko nìkan. Èso ń di omi èso inú ìgò, wàrà ń di yọ́gọ́ọ̀tì. Wọ́n ń rọ àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ọgbà náà. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ilé oúnjẹ, wọ́n sì ní ibùsùn àlejò. Oníbàárà tó jókòó jẹ ẹja nílé oúnjẹ wọn lè má mọ̀ pé àjẹkù inú àwo òun máa tó padà sọ́dọ̀ ẹja mìíràn.

Ibi tó ti kan oníṣòwò kékeré

Ẹni tó ń sin ẹja àrọ̀ tàbí adìẹ mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Oúnjẹ ni. Òun nìkan sábà máa ń kó ju ìdajì gbogbo owó tí wọ́n ń ná sórí ẹran ọ̀sìn lọ. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ti gbé ilé adìẹ wọn tì pa. Kì í ṣe pé ìdin lè rọ́pò gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ń rà, ṣùgbọ́n àpò kan tí èèyàn kò rà, èrè ni.

Kò dìgbà tí èèyàn bá ní hẹ́kítà ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo àdúgbò kan tí ìyá olóúnjẹ wà, tí ẹnì kan ń sin ẹja lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹlòmíràn sì ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò. Ìyá olóúnjẹ ń sanwó fún ẹni tó ń kó pàǹtí rẹ̀. Ẹlẹ́ja ń da omi dọ̀tí sí gọ́tà. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń ra fàtílásà. Owó ń jáde lápò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọ̀kan ń wá ni èkejì ń dà nù. Bí wọ́n bá fẹnu kò, ìnáwó mẹ́ta ló dín kù.

Kì í ṣe idán o

Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Nàìjíríà ti gbìyànjú láti ṣe irú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Delta dá tiwọn sílẹ̀ ní Amukpe, Rivers náà dá tiwọn sílẹ̀ ní Bunu-Tai. Ṣùgbọ́n oko Bunu-Tai tí wọ́n fi owó ńlá kọ́ padà di pípatì. Ilé àti ẹ̀rọ ṣeé rà, ẹni tí yóò jí ní ìdájí láti bójú tó kòtò ìgbẹ́ lójoojúmọ́ ló ṣòroó rí. Bí apá kan bá sì dákẹ́, ìyókù náà á dákẹ́. Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá kú, gáàsì á tán.

Òórùn náà tún wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sin ìdin gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé àwọn èèyàn, kó máa fọ ohun èlò rẹ̀ dáadáa, kó sì máa kó ìdin náà lásìkò. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn aládùúgbò ló máa kọ́kọ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí àwọn wolé-wolé tó dé.

Oníṣòwò tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò ju ìwé àti bírò lọ. Kó kọ gbogbo ohun tó bá dà nù fún ọ̀sẹ̀ 1 sílẹ̀: iye àpò, iye kẹ́ẹ̀gì, àti iye tó san fún ẹni tó bá a kó o. Lẹ́yìn náà, kó bi àwọn tí wọ́n jọ ń ṣòwò ládùúgbò léèrè ohun tí wọ́n ń rà. Bí orúkọ nǹkan kan bá wà nínú ìwé méjèèjì, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.