Fáìsì Kì í Ṣe Ẹmú, Kì í sì í Ṣe Owú: Àlàyé lórí Ìkójọ àti Ìlò Rẹ̀ ní Ilé-Iṣẹ́ Àdáni ní Agbègbè Ifẹ̀-Ọ̀dàn

Ìfáàrà

Iṣẹ́ irin kì í ṣe àjèjì ní agbègbè Èjìgbò. Ìsùndúnrin, tí òun àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn jọ wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí àwọn onímọ̀ ìtàn àti àwọn awalẹ̀pìtàn mọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá fún yíyọ́ irin láti inú òkúta. Ní 1904 ni C. V. Bellamy tẹ àlàyé jáde lórí irú iléru bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Ọ̀yọ́, àlàyé tí àwọn olùwádìí ṣì ń tọ́ka sí. Ní ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀ ẹ̀wẹ̀, irin ńlá kan wà tí ìtàn so mọ́ Ògúnládìn, alágbẹ̀dẹ Odùduwà.

Nítorí náà, nígbà tí fáìsì dé láti òkè òkun, kò bá àwọn tí kò mọ irin dì mú pàdé. Àwọn tí ó bá ti ní orúkọ fún ohun tí à ń fi mú irin, wọ́n sì ti ní orúkọ fún ohun tí à ń gbé irin lé kí a tó lù ú. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan fi ojú ẹmú wo fáìsì, àwọn mìíràn fi ojú owú wò ó, wọ́n sì lò ó bí wọ́n ṣe wò ó. Ohun tí bébà yìí gùn lé ni láti ṣàlàyé ohun tí fáìsì jẹ́ gan-an, kí ó lè yé ènìyàn ìdí tí ẹni tí ó ní ilé-iṣẹ́ kékeré lẹ́yìnkùlé rẹ̀ fi lè nílò ju ẹyọ kan lọ, àti irú èyí tí ó yẹ kí ó rà.

Ẹmú, owú àti fáìsì

Nínú àgbẹ̀dẹ, ọwọ́ òsì alágbẹ̀dẹ ni ẹmú máa ń wà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ọmọ owú máa ń wà, ọmọ iṣẹ́ a sì máa fi ẹwìrì fẹ́ iná. Irin gbígbóná kò nílò kí a dè é pinpin. Ohun tí ó nílò ni kí a máa yí i padà láàárín ìlù kan sí èkejì, kí a sì tètè dá a padà sínú iná kí ó tó tutù. Nítorí ìdí èyí, ẹmú kò gbọdọ̀ dúró lójú kan. Apá alágbẹ̀dẹ ni ó ń gbé e kiri, agbára àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó sì ń pa ẹnu rẹ̀ dé. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ fi èyí hàn, nítorí inú ọ̀rọ̀-ìṣe mú ni a ti ṣẹ̀dá ẹmú, ẹni tí ó bá sì mú nǹkan lè sọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkígbà.

Ti irin tútù yàtọ̀. Ẹni tí ó ń fi fáìlì họ irin, tàbí tí ó ń fi ayùn gé e, ní láti fi ọwọ́ méjèèjì di irinṣẹ́ rẹ̀ mú. Ta ni yóò wá di irin náà mú? Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àwọn mìíràn a sì ní kí ọmọ iṣẹ́ jókòó lé e. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í gún, nítorí irin a máa gbọ̀n, fáìlì a sì máa yọ̀ lórí rẹ̀. Iṣẹ́ tí fáìsì wá ṣe ni pé ó ya dídìmú sọ́tọ̀ kúrò lára lílù àti gígé. Ó gba dídìmú lọ́wọ́ ènìyàn pátápátá, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ fún iṣẹ́.

Àwọn kan ti dábàá pé kí a máa pe fáìsì ní ẹmú onítábìlì. Ìdábàá náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò fi gbogbo ara tọ̀nà, nítorí ó fi àbùdá tí ẹmú ní (ìrìn) fún ohun tí gbogbo iyì rẹ̀ wà nínú ìdúró. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kìíní rẹ̀ ní 1984, kò ran ni lọ́wọ́ níhìn-ín, torí ọ̀rọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó kà sí. Fáìsì tí àwọn oníṣẹ́ ti ń pè tẹ́lẹ̀ ti tó. Ẹ̀yà ara rẹ̀ ni ó yẹ kí a fún ní orúkọ Yorùbá tí ọmọ iṣẹ́ yóò gbọ́ tí yóò sì yé e: ẹ̀rẹ̀kẹ́ àdúró, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ń rìn, eyín, apá, àti súkúrù tí ó wà nínú ikùn rẹ̀.

Bí fáìsì ṣe ń rí agbára

Súkúrù yìí ni àṣírí gbogbo rẹ̀. Ọ̀pá irin ni, tí a fín ìlà yíyí sí lára bí ìgbà tí okùn bá lọ́ mọ́ igi. Bí a bá yí apá fáìsì ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò rìn ní ìwọ̀n àlàfo ìlà kan sí èkejì. Ká sọ pé àlàfo náà jẹ́ mìlímítà 5, tí apá sì gùn tó mìlímítà 200 láti àárín súkúrù dé ibi tí ọwọ́ gbé dì í mú. Ọwọ́ yóò ti rin ìrìn tí ó lé ní mìlímítà 1,250 kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó rin mìlímítà 5 péré. Ìrìn ọwọ́ jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 250 ìrìn ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí kò bá sí ìfarakínra rárá, ẹni tí ó fi agbára tí ó tó ìwúwo kílógíráàmù 20 ti apá náà yóò fi ti kílógíráàmù 5,000 di irin mú.

Ṣùgbọ́n ìfarakínra wà. Irin tí ń ha irin nínú nọ́ọ̀tì a máa jẹ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára náà, nígbà mìíràn a máa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ohun tí ó ṣẹ́kù a tó ìwúwo kílógíráàmù 1,000, kò sì sí géńdé tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lè fi ẹmú ṣe é. Àǹfààní kan sì wà nínú àdánù yìí tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Ìfarakínra tí ó jẹ agbára náà ni kì í jẹ́ kí súkúrù yí padà fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá ti fi ọwọ́ sílẹ̀. Bí súkúrù bá ń yọ̀ bí ilá ni, fáìsì ì bá máa ṣí lójú iṣẹ́.

Láti inú ìṣirò kan náà ni a ti lè rí ohun tí ó ń pa fáìsì. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ a máa ki páìpù bọ apá rẹ̀ kí ó lè gùn sí i. Bí apá bá gùn ní ìlọ́po mẹ́ta, agbára yóò di ìlọ́po mẹ́ta pẹ̀lú, nọ́ọ̀tì inú tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò sì sán. Apá tí ẹni tí ó ṣe fáìsì fi sí i kò kúrú nítorí àìsí irin.

Irin rírọ àti irin dídà

Èdè Yorùbá ti fi ìyàtọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ hàn kí fáìsì tó dé. Àgbẹ̀dẹ a máa rọ irin, ẹlòmíràn a sì máa da irin sínú ohun tí a fi ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn mọ. Fáìsì ẹlẹ́sẹ̀, tí àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Yúróòpù ti ń lò láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, irin rírọ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn dé ilẹ̀, nítorí náà bí a bá fi ọmọ owú lu ohun tí ó wà lẹ́nu rẹ̀, ìlù náà yóò gba ẹsẹ̀ yẹn lọ sínú ilẹ̀. Ó fara da ìlùkulù ju púpọ̀ nínú fáìsì yòókù lọ. Àléébù tirẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ ni oríkèé rẹ̀ wà, ẹnu rẹ̀ sì ń ṣí bí ẹnu ọ̀nì. Bí irin tí a kì bọ̀ ọ́ bá nípọn, etí ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni yóò kàn án.

Fáìsì tí a mọ̀ jù lónìí ni èyí tí à ń fi bóòtù dè mọ́ tábìlì, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì máa ń dojú kọ ara wọn gbọọrọ bí ó ti wù kí ó ṣí tó. Irin dídà ni púpọ̀ nínú wọn. Irú rẹ̀ ni àwọn tí ilé-iṣẹ́ C. & J. Hampton ní Sheffield fi orúkọ Record tà, orúkọ tí wọ́n ti ń lò láti 1909. Ní Chicago, ní 1941, Hugh Vogl, ọmọ ilẹ̀ Czech tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, dá ilé-iṣẹ́ Wilton sílẹ̀. Nínú fáìsì tirẹ̀, súkúrù wà nínú ihò roboto tí eruku kò lè ráyè wọ̀.

Nínú irin dídà lásán, kábọ́ọ̀nù fọ́nká bí ìpẹ́ ẹja, ẹ̀bá àwọn ìpẹ́ wọ̀nyí ni ìsán sì máa ń gbà. Èyí ni ó fi jẹ́ pé irin dídà lè gbé ẹrù tí ó wúwo gan-an, tí òòlù kan ṣoṣo yóò sì là á. Ní 1943 ni Keith Millis rí i ní Amẹ́ríkà pé bí a bá fi màgnẹ́síọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i nígbà tí ó ṣì ń hó, kábọ́ọ̀nù náà yóò ká roboto bí ọta, irin náà yóò sì le láìṣẹ́. Àwọn fáìsì tí ó dára jù lóde òní ń lo irú irin yìí. Wọ́n wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yẹ lówó.

Ìkójọ

Ní Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Èjìgbò, ni ìjọba àpapọ̀ gbé ilé-iṣẹ́ Nigeria Machine Tools kalẹ̀ sí ní 1980. Síbẹ̀, àlòkù láti òkè òkun, tí à ń pè ní tòkunbọ̀, ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú fáìsì dídára tí ènìyàn lè rí rà. Ọjà irin bí Owódé-Onírin ní Èkó ni a ti ń rí wọn, láàárín àwọn ohun tí wọ́n ń wọ̀n tà fún yíyọ́. Fáìsì ẹlẹ́sẹ̀ ni ó ń jìyà jù níbẹ̀. Ìpẹtà rẹ̀ ń mú kí ó dà bí irin lásán, ìwúwo rẹ̀ sì ń mú kí ó wu ẹni tí ń ra irin ní kílò. Bí ọ̀kan bá ti wọ iléru, kò sí ibi tí a ó ti rí irú rẹ̀ rọ ní ìrọ̀rùn mọ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra àlòkù, kí ó ṣe é bí àwọn ìyá ṣe ń ra ìkòkò amọ̀: kí ó kàn án, kí ó sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá dákú, ó ṣeé ṣe kí ó ti sán níbi kan tí ọ̀dà bò. Kí ó wo ibi tí wẹ́dà ti fọwọ́ kàn, nítorí jíjó irin dídà pọ̀ ṣòro, ìjópọ̀ tí a ṣe láìkọ́kọ́ mú un gbóná díẹ̀díẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó tún là. Lẹ́yìn èyí, kí ó yí súkúrù dé òpin. Eyín tí ó ti kú kò ṣòro láti pààrọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tí ìlà inú rẹ̀ ti jẹ tán ni kí ó sá fún. Ìpẹtà kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì onírin yóò mú un kúrò, gírísì yóò sì dáàbò bò ó. Epo pupa kò dára fún un, nítorí ó máa ń dì, ó sì máa ń kó eruku jọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé fáìsì onírin dídà sínú iná àgbẹ̀dẹ nítorí kí ó lè tú.

Ibòmíràn wà tí fáìsì lè wà tí a kì í rántí. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ìjọba kó irinṣẹ́ wá láti òkè òkun fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ní sẹ́kọ́ńdírì kékeré. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri Nàìjíríà, inú àpótí ni wọ́n wà fún ọdún pípẹ́, àwíjàre tí a sì ń gbọ́ ni pé kò sí iná mànàmáná, kò sí ilé, kò sí olùkọ́. Àwíjàre àkọ́kọ́ yẹn bá ẹ̀rọ tí ń yí igi mu. Kò bá fáìsì mu rárá, nítorí fáìsì kò lo iná rí. Tábìlì líle àti bóòtù mẹ́rin ni ó ń béèrè.

Ìgbékalẹ̀ àti ìlò

Gíga tábìlì ni ó kọ́kọ́ yẹ ní wíwò. Kí oníṣẹ́ dúró gbọọrọ, kí ó ká apá rẹ̀: orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fáìsì gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ìgúnpá rẹ̀. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, ẹ̀yìn yóò máa dun ún. Bí ó bá ga jù, èjìká nìkan ni yóò máa fi ti fáìlì. Kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àdúró yọ síta díẹ̀ ní etí tábìlì, kí irin gígùn lè rọ̀ sílẹ̀ láìkan igi. Igi ìrókò tàbí apá tí ó nípọn ni ó dára fún orí tábìlì náà, nítorí tábìlì tí ó bá ń mì yóò sọ fáìsì tí ó dára jù di aláìwúlò.

Ilé-iṣẹ́ àdáni ní irú ìlú bí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, níbi tí ẹnì kan náà lè tún kẹ̀kẹ́ ṣe láàárọ̀ kí ó sì kan àga lọ́sàn-án, kò lè fi fáìsì kan ṣoṣo ṣe gbogbo rẹ̀. Mẹ́ta tó: ẹlẹ́sẹ̀ fún ohun tí a ó lù tàbí tí a ó tẹ̀, onítábìlì fún fáìlì àti ayùn, àti ti gbẹ́nàgbẹ́nà tí a fi igi tẹ́ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí ó má baà họ pákó lára. Èyí tí ó bá kọjá mẹ́ta, àfi bí iṣẹ́ kan pàtó bá béèrè rẹ̀, bóyá ti oníṣẹ́ omi tí ń fín ìlà sí ẹnu páìpù, ìfẹ́ ìkójọ ni. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn, bí ẹni tí ó kó wọn jọ bá lè yá ọmọ iṣẹ́ tí kò ní.

Eyín fáìsì onítábìlì a máa ta àpá sí bàbà, sí irin tí a ti dán, àti sí ìlà bóòtù. Awẹ́ méjì tí a gé lára ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù tí ó ti lu, tí a sì tẹ̀ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ti yanjú èyí. Fún páìpù tí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́, igi méjì tí a gbẹ́ ní ìlàjì roboto ni kí a fi gbé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tẹ̀ pẹlẹbẹ kí ó tó dúró. Fáìsì ẹlẹ́sẹ̀ kò ní láti wà lórí tábìlì rárá. A lè ri òpó igi líle mọ́lẹ̀, bí alágbẹ̀dẹ ti máa ń ri ìtì igi tí owú jókòó lé, kí a dè é mọ́ òpó náà, kí a sì gbé ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ lé òkúta pẹlẹbẹ tí a tẹ́ sínú ilẹ̀.